Ohùn Títí Kọ́ Ló Wálẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọdún mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ náà ti wà láyà mi. Mo jẹ́ kí wọ́n yọ obìnrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin wa nítorí àṣìṣe tó jẹ́ tèmi. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ obìnrin náà fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun. Òní ti di Ọjọ́bọ̀. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, Egan ni mo ń gbé. Gìtá béèsì ni mo ń ta, iṣẹ́ tí mo sì fi ń jẹun nìyẹn láti ìgbà tí mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Obìnrin márùn-ún ni wá nínú ẹgbẹ́. Ìsìn ìkórè, ìdúpẹ́ àti ìṣọjí ni wọ́n máa ń pè wá sí, ní Ìgàndò, Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá. Anti Rónkẹ́ ni olórí wa, òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Nígbà náà, Títí ló ń lé orin. Ọmọ Èkìtì ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Bí orin bá gùn tí ọkàn wọn bá dàrú, èmi ni wọ́n máa ń wò láti mọ ẹsẹ tí a dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé etí òsì mi ti ń kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dúró sí apá ọ̀tún onídírọ́ọ̀mù, tí àwọn abọ́ onídẹ rẹ̀ ń dún sí etí òsì yẹn. Nígbà tí mo kíyè sí i pé mi ò gbọ́ nǹkan dáadáa mọ́, mo dákẹ́. Ta ni yóò pe onígìtá tí etí rẹ̀ kan ti di? Bí ènìyàn bá ń bá mi sọ̀rọ̀, mo kàn máa ń yí orí díẹ̀. Wọ́n rò pé bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ìgbà náà ni a pinnu láti ra kọ́ńbò tiwa. Kọ́ńbò ni àwa olórin ń pe àpótí tí béèsì ń gba inú rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rọ àti sípíkà wà nínú rẹ̀ pọ̀. Èyí tí a ń bá ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kì í dọ́gba. Òmíràn ń gbọ̀n, òmíràn ti ya. Anti Rónkẹ́ ní, “Ìyá Dúpẹ́, ẹ̀yin lẹ máa lọ yàn án. Etí yín ló dáa jù nínú gbogbo wa.”

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín.

Èmi àti Títí la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòtún. Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló ni ín. Ó gbé kọ́ńbò méjì síwájú wa. Ọ̀kan kéré, ó ṣeé tẹ̀ sẹ́yìn kí ojú rẹ̀ lè kọ sí etí ẹni tó ń ta á. Èkejì ga tó ìbàdí mi. Ilẹ̀ ló ń jókòó sí, orúnkún ènìyàn ló sì ń kọjú sí.

Ó gbé kékeré náà sórí tábìlì ní apá òsì mi. Mo ta á. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Títí pàtẹ́wọ́. “Anti, èyí mà mọ́ o! Mo ń gbọ́ gbogbo ohùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Mo ní, “Kò lóhùn.”

Mo ta ńlá náà. Ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ohùn náà gba ẹsẹ̀ mi gòkè wá sí àyà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ béèsì mi bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù ọlọ́jà.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá wa, ṣé ẹ fẹ́ kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí ẹ fẹ́ wó o? Ẹni tó jìnnà ló máa gbádùn èyí. Ẹni tó bá dúró tì í, gbì-gbì-gbì ni tiẹ̀. Ẹ mú kékeré, ẹ jàre.”

Mo ní ńlá ni a máa gbé. Títí wò mí, ó sì bá mi ka owó fún un. Mo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí.

Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí a bá ti ṣeré, kíbọ́ọ̀dù a wà ní apá ọ̀tún mi, kọ́ńbò ní apá òsì. Ìṣísẹ̀ méjì síwájú kọ́ńbò ni Títí máa ń dúró. Sípíkà kan ṣoṣo la ní tí olórin lè fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Anti Rónkẹ́ ló sì wà. Nítorí náà béèsì mi ni Títí ń gbọ́ ju ohunkóhun lọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, Anti Rónkẹ́ a tẹ ohùn kan lórí kíbọ́ọ̀dù, èmi a sì fa okùn gìtá mi títí wọn yóò fi bá ara wọn mu. Etí mi nìkan ni mo fi ń ṣe é. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn.

Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí ohùn Títí fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kì í ṣe púpọ̀. Ó dà bí àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, tí kò sì gún. Ìyàwó pásítọ̀ kan bi Anti Rónkẹ́ pé, “Ẹni tó ń lé orin yín yìí, ṣé ara ẹ̀ yá ṣá?” Títí lọ ń mu omi oyin. Ó ń gbààwẹ̀. Ó ń jí kọ́ ohùn láàárọ̀ kí ó tó lọ sí iléèwé. Bí a bá dé orí pèpéle, ohùn náà a tún wálẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tí a ti ń dánrawò ní Ẹgbẹ́dá, Anti Rónkẹ́ gbé fóònù rẹ̀ sórí àga. Ó ti gba orin wa sílẹ̀ ní ìsìn ìkórè kan. Ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa sì gbọ́ ọ. Kíbọ́ọ̀dù wà lókè, ohùn Títí wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin bí ẹni tí kò rí ọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Béèsì kò sí nínú ohun tí a gbọ́. Sípíkà fóònù kéré, kò lè gbé ohùn tó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Ohùn èmi gan-an ni kò hàn nínú ẹ̀rí náà.

Títí ń sunkún. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Anti Rónkẹ́, béèsì ni mò ń tẹ̀ lé.”

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo ní, “Béèsì mi wà níbi tó yẹ kó wà.”

Ṣé mo mọ̀ nígbà náà? Ìbéèrè tó ń dà mí láàmú jù nìyí. Mo mọ̀ pé etí mi kò pé. Mi ò mọ̀ pé okùn mi ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọwọ́ mi tutù. Ẹni tí nǹkan dá lójú, kí ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù sí?

Anti Rónkẹ́ ní kí Títí fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó ká ìwé orin rẹ̀, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ.

Eré tí a kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ní Ìgàndò ni. Onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì náà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó fi túnà rẹ̀ há orí gìtá mi. Túnà ni ohun kékeré tó ní abẹ́rẹ́. Bí okùn bá gún, abẹ́rẹ́ a dúró láàárín. Tèmi kò dúró láàárín. Mo ta okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn wálẹ̀, ìwọ̀n kan náà. Mo sọ fún un pé okùn náà ló ti gbó. Mo fà wọ́n sókè kí ẹlòmíràn tó rí i.

Orin wa mọ́ lọ́jọ́ náà bí omi ẹ̀rọ. Bí a ṣe ń kó ẹrù, Anti Rónkẹ́ ní, “Ṣé ẹ rí i báyìí? Títí ló ń fà wá sẹ́yìn. Ọlọ́run má bínú.”

Mo ń ká wáyà. Mo ń ká a lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú etí. Wọ́n ní etí tó ń ṣàìsàn lè máa gbọ́ ohùn kan náà bí ẹni pé ó ga ju bí etí tó dára ṣe gbọ́ ọ lọ. Ó wá yé mi. Etí ọ̀tún mi gbọ́ kíbọ́ọ̀dù bó ṣe wà. Etí òsì gbọ́ béèsì bí ẹni pé ó ga jù, èmi sì ń fà á wálẹ̀. Títí tó dúró síwájú kọ́ńbò ńlá yẹn ń tẹ̀ lé mi ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Mo ra túnà tèmi. Mi ò tún ta gìtá láìlò ó mọ́. Mi ò sì lọ wá Títí.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Command. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, Ìbùkún, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. A kí ara wa dáadáa. Lójijì ni Títí rẹ́rìn-ín, ó ní, “Anti, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin. Mo ní kò sẹ́ni tó létí orin nílé wa, kò gbà. Ẹ̀yin ṣáà wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún un.”

Ọmọ náà ń wò mí. Ó ní, “Mọ́mì kì í kọrin rárá, mà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ẹnu wọn kàn máa ń mì ni.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tó gba ẹnu mi. Mo ní, “Gbọ́ ti màmá ẹ.”

Bí mo ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ náà wá nọ́ńbà mi lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ó fi fóònù tirẹ̀ kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé: “Ẹ káàsán mà. Ìbùkún ni. Mọ́mì ò mọ̀ pé mo ń kọ̀wé sí yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí, kí ẹ sọ òótọ́ fún mi. Tí kò bá dáa, mi ò ní lọ lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n fẹ́ yan àwọn akọrin.” Ó fi ohùn rẹ̀ sí i.

Mo gbé fóònù sí etí ọ̀tún mi. Ohùn Títí ni, bó ṣe wà kí n tó bà á jẹ́. Mo gbé túnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tó ti fa ohùn gùn, abẹ́rẹ́ náà dúró láàárín, kò mì.

Mo ṣì ń wá ọ̀nà láti dá ara mi láre. Mo ní bóyá ìyá rẹ̀ ní àléébù tirẹ̀ nígbà náà. Orin tí Anti Rónkẹ́ gbà sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Lánàá, mo so fóònù mi mọ́ kọ́ńbò ńlá náà, mo sì tẹ orin náà. Béèsì mi jáde. Ohùn Títí jókòó lé e lórí gẹ́lẹ́, kò sí àlàfo láàárín wọn. Kíbọ́ọ̀dù nìkan ló dá wà lókè. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ fún ọmọ náà pé ohùn rẹ̀ dára, ìyá rẹ̀ yóò bi mí ìdí tí mo fi sọ ohun mìíràn ní Command. Bí mo bá sọ fún Títí, ṣé mo lè dá ọdún mẹ́fà tí kò fi kọrin padà fún un? Bí mo bá sọ fún Anti Rónkẹ́, iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn, torí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ okùn gìtá kí n má sọ ọ̀rọ̀ etí. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ènìyàn rí, tí ẹ sì padà lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ni ẹ kọ́kọ́ sọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Àmì méjì tó wà lábẹ́ ohùn ọmọ náà ti yí àwọ̀ padà láti ọjọ́ Ajé. Ó mọ̀ pé mo ti gbọ́ ọ. Bí mo ṣe dákẹ́ yìí, ó ti lè gbà pé ìdáhùn mi nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe gbà á.