Igi Dóńgóyárò Tí Mo Kó Sínú Àpò Bọ̀dá Rẹ̀mí

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọdún tó kọjá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, màmá mi pàápàá ò mọ̀. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, torí ẹni tí mo ṣe é sí, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó ti kan ẹlòmíì, ẹni yẹn sì ń bọ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé.

Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí, ní Kánò níbí. Ìwé ò bá mi lára mu, mo fi í sílẹ̀ ní SS2 torí àwọn tíṣà ń fi àkókò mi ṣòfò. Ṣùgbọ́n tó bá di ká yan ẹran, ẹ lọ béèrè mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó mi ní gbogbo àdúgbò wa. Mi ò fọ́nnu o, òótọ́ ni.

Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Mo rí àgbá irin kan tó ní ìdérí àti páìpù èéfín, sìmókà ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó dáná èédú sí apá kan, ẹ ó to ẹran sí apá kejì, ẹ ó dé e. Iná ò ní kan ẹran yẹn rárá, èéfín àti ooru ló máa sè é díẹ̀díẹ̀ títí ẹran á fi máa yọ lára egungun. Kì í ṣe súyà o. Súyà, ta ni ò mọ̀ ọ́n ní Kánò?

Mo sọ fún Bọ̀dá Rẹ̀mí. Yàrá wa kọjú síra nínú kọ́mpáùndì, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ike, ó sì ń kọrin ní kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àdéhùn wa ni pé òun á ra àgbá, èmi á máa ṣiṣẹ́ ẹ̀, a ó jọ máa jẹ èrè ẹ̀. A jọ lọ sí Zoo Road. Èyí tó wu òun ń dán yanran, ṣùgbọ́n irin ẹ̀ fẹ́lẹ́. Mo fi ìka kàn án, mo ní, "Bọ̀dá, èyí á jó lu kí ọdún tó yí po." Èmi ni mo yan èyí tí irin ẹ̀ nípọn, tí ìdérí ẹ̀ ń dé pinpin. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní adaidaita, mo gbá a mọ́ra títí a fi délé bí ìgbà tí mo gbé ọmọ tuntun.

Ẹ̀yìnkùlé la gbé e sí. Ọ̀dọ̀ Màlámù Sánì ni mo ti ń ra èédú, ní ìkangun títì wa. Bàbá Hausa kan ni, ó ti ń jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Tó bá ti rí mi, á ní, "Yaro, ka zo?" pé ọmọkùnrin, o ti dé? Á wá máa ṣa èyí tó le fún mi, kò ní jẹ́ kí n mú èyí tó ti rún. Igi tó ń mú èéfín wá ńkọ́? Igi máńgòrò ni. Mo máa ń là á wẹ́wẹ́, màá máa jù ú sórí èédú. Bọ̀dá Rẹ̀mí ò mọ igi máńgòrò yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àga. Ó ní igi ni igi.

Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wá, tí pásítọ̀ fúnra wọn ń ránṣẹ́ wá ra adìyẹ, ojú Bọ̀dá yí padà. Ó ń sọ fáráyé pé òun ni òun dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bùkọ́lá wá ra adìyẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí, láti Kérésì ni mo ti ń wá bí màá ṣe bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé ìwọ lò ń yan án ni?" Kí n tó lanu, Bọ̀dá Rẹ̀mí ti gbà á lẹ́nu mi.

"Ta? Eléyìí? Ọmọ tó ń bá mi kó eérú ni. Ṣé o ò rí ihò imú ẹ̀ bó ṣe dúdú?"

Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ fún Bọ̀dá pé ohun tó ṣe yẹn ò dáa. Ó ní, "Àgbá ta ni? Tó bá dùn ẹ́, máa lọ." Bó ṣe lé mi nìyẹn, nídìí nǹkan tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn.

Mi ò jà. Láràárọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá." Mò ń rẹ́rìn-ín. Mò ń dúró de ọjọ́ tèmi.

Ìdílé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ wọn, àwọn àna ń bọ̀ láti Tarauni. Bọ̀dá Rẹ̀mí ni wọ́n gbé gbogbo ẹran fún. Ó ń yangàn káàkiri. Lọ́sàn-án Fúráídè, ó lọ sí ìpàdé kúáyà. Mo lọ gé ẹ̀ka dóńgóyárò tó ti gbẹ lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ mọ dóńgóyárò, èyí tí wọ́n ń se ewé ẹ̀ mu fún ibà. Mo bó èèpo ẹ̀, mo là á wẹ́wẹ́ bí mo ṣe máa ń la máńgòrò. Mo da igi máńgòrò inú àpò tí Bọ̀dá ń kó igi èéfín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá nù, mo kó tèmi sí i. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, imú ẹ̀ á sọ fún un. Mo mọ̀ pé imú tiẹ̀ ò mọ nǹkan kan.

Ilẹ̀ mọ́, ó dáná, ó dé àgbá pinpin bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, mò ń mu kòkó, mò ń fi kósáì, àkàrà àwọn Hausa, tì í. Òórùn igi yẹn ń jáde láti páìpù. Ẹ dárí jì mí, inú mi dùn débi pé mò ń kọrin.

Mo lọ síbi mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ náà, mo múra dáadáa. Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ bu ẹran sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tu ú sọ́wọ́.

"Ẹ̀yin àna wa, ṣé àgbo ibà lẹ fi se ẹran yìí ni?"

Bàbá ọkọ náà tọ́ ọ wò. "Tẹ́ ò bá fẹ́ fún wa lọ́mọ, ẹ kúkú sọ!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ni ẹnì kan bá sọ láti ẹ̀yìn pé májèlé ni. Ẹ̀rín dúró. Òógùn bo Bọ̀dá Rẹ̀mí, mò ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Àfi bó ṣe pariwo pé, "Èédú ni! Màlámù yẹn ló fi nǹkan sí èédú tó tà fún mi!"

Mi ò rò ó débẹ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò rò ó débẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ dìde, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ta èédú bàbá yẹn nípàá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di lẹ́búlẹ́bú. Màlámù Sánì ń búra pé, "Wallahi, ban sa komai ba," òun ò fi nǹkan kan sí i. Ó wá rí mi. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Yaro, gaya musu mana!" Sọ fún wọn, ìwọ mọ èédú mi. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Tí mo bá ní kì í ṣe èédú, wọ́n á bi mí pé kí ni. Mo wolẹ̀. Mo ní, "Èmi ò mọ̀ o. Èédú ẹ̀ ti yàtọ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Màlámù ò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó rò pé mò ń gbèjà òun ni. Ó ń mi orí, ó ń ní, "Yauwa, yaro. Yauwa," bí ẹni pé ó ń dúpẹ́.

Kò sẹ́ni tó tún ra èédú ẹ̀ mọ́, ló bá kó lọ. Bọ̀dá Rẹ̀mí náà kan àbùkù, wọ́n ní kó sinmi ní kúáyà, kò sẹ́ni tó jẹ́ jẹ ẹran ẹ̀. Ó ta àgbá. Mo rán ọ̀rẹ́ mi kan lọ bá mi rà á, Bọ̀dá ò mọ̀ pé èmi ni títí ó fi rí i tí mò ń dáná sí i lójú ẹ̀. Ó wò mí, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi. Ní báyìí, èmi ni gbogbo wọn ń wá. Bùkọ́lá ń rà lọ́wọ́ mi, kò sì fi imú mi rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé Màlámù Sánì ní Zoo Road. Ó ń ti ọmọlanke, èédú díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó ń tiro. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó tún ń ṣa èyí tó le fún mi! Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun fẹ́ padà sí àyè òun. Ó ní èmi ni mo ni àgbá báyìí, àwọn Yorùbá á gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ó ní òun á wá ní Sátidé, kí n mú òun lọ bá àwọn àgbà, kí n tún bá òun sọ̀rọ̀ bí mo ṣe bá òun sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó há sí mi lọ́fun nìyí. Tí mo bá sọ òótọ́, Màlámù bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Rẹ̀mí náà bọ́! Wọ́n á dá a padà sí kúáyà, wọ́n á máa káàánú ẹ̀, á wá dúró lójú Bùkọ́lá, á tún máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbé ìyẹn mì. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò sì ní tọrọ ẹ̀.

Ẹ bá mi wá ọ̀nà tí Màlámù á fi padà sí àyè ẹ̀, tí Bọ̀dá Rẹ̀mí ò ní gba orúkọ ẹ̀ padà. Tí kò bá sí, ẹ sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, ẹ má pọ́n mi lé. Mo ti la igi máńgòrò sílẹ̀, mo fẹ́ yan adìyẹ dè é. Mi ò mọ ẹnu tí màá fi ní kó jẹun.