Bọ́ Iná Yó, Kí O Fi Í Sílẹ̀

Nínú train tó ń ti àdúgbò Saddletowne bọ̀, nílùú òtútù tí a wà lókè òkun, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́nu ọ̀dọ́kùnrin kan tó ra ilé àtijọ́ lẹ́yìn ìlú, ilé onísítóòfù èédú tí wọ́n fi ń mú inú ilé móoru, àti ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, iná ti kú. Màá bá ìyàwó mi àti ọmọ nínú jákẹ́ẹ̀tì."

"Báwo lo ṣe ń kó èédú sí i?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, sir. Tó bá ti ń rẹlẹ̀, màá fi irin tú u látòkè, màá sì fẹ́ ẹ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí màmá ẹ ṣe ń sun àgbàdo nìyẹn! Èédú igi nìyẹn. Tìẹ tí wọ́n ń wa nínú ilẹ̀ kì í fẹ́ ìyọnu. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti gbọn eérú, títí tí wàá fi rí pupa. Kó èédú kún un dáadáa, ṣùgbọ́n fi ojú iná díẹ̀ sílẹ̀ láìbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí gáàsì tó ń jáde lára èédú lè jó. Tó bá ti ràn, dín afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kù. Bọ́ ọ yó, kí o fi í sílẹ̀. Tèmi ń lo wákàtí méjìlá."

"Bọ́ ọ yó, kí n fi í sílẹ̀." Ó ń tún un sọ bí ẹni ń kọ́ àkọ́sórí. Ó pe ìyàwó ẹ̀ lórí fóònù. "Honey, ẹ̀gbọ́n kan nínú train ní ká yéé tú iná yẹn o."

Gbogbo wa la gbọ́ ohùn obìnrin náà. "Ta ló ń tú u? Kí ni mo ti ń bá ẹ sọ láti ìgbà tí snow ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí fèrèsé. "Àbúrò, ẹni tó mọ iná ti wà nílé ẹ."