Àmì Kan Tí Mo Yọ Lórí Orin Alàgbà

Adájọ́ ti dá ẹjọ́ mi tán. Ó ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Yàrá tí mo wà báyìí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. N kò ní dárúkọ ara mi fún yín, nítorí ìyá mi ṣì wà láyé, ó ṣì ń bá èèyàn ṣe.

Ohun tó gbé mi dé ibí kéré. Àmì ohùn ni, dò kan báyìí, irú èyí tí àwọn tíṣà máa ń ní kí a fi sórí ọ̀rọ̀.

Ogún ọdún ni mo fi ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ìjọ kan ní Ìgbẹ̀ìn wá ní kí n ya fíìmù ìtàn ayé Alàgbà Ṣótúndé, inú mi dùn, mo ní ó tó àsìkò kí èmi náà ní iṣẹ́ tí èèyàn yóò fi rántí mi. Tíṣà Yorùbá ni Alàgbà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, gìtá ni wọ́n sì fi ń kọrin ìyìn. Tọmọdé tàgbà ló mọ orin wọn kan: “Mo kọ ọ́ ní gbangba, Olúwa mi.” A gbà pé ẹ̀rí ni, pé ọkùnrin kan kọ orin Olúwa rẹ̀ lójú ayé, ojú kò sì tì í.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Alàgbà ní kí n kọ orin náà fún àwọn gbọ́. Mo kọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“O ṣì í kọ. Gbogbo yín lẹ ti ń ṣì í kọ láti ọjọ́ yìí wá.”

“Báwo, Bàbá?”

“Ohùn ìwé orin òyìnbó ni mo fi sí i. Ó ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Mú bébà wá.”

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ bírò mọ́ àmì náà débi pé bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu: Mo kọ̀ ọ́ ní gbangba.

“Dò ni, kì í ṣe re. N kò kọ ọ́ lórin. Mo kọ̀ ọ́. Obìnrin ni.”

Wọ́n wá sọ fún mi. Nígbà èwe wọn, wọ́n fún Sìdíkátù lóyún, ọmọ oníṣòwò aṣọ kan ní Ìjẹmọ̀, ìdílé Mùsùlùmí. Bàbá ọmọbìnrin náà fà á wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí ìsìn ṣe ń parí, ó bi wọ́n níwájú ìjọ pé, “Ṣé o mọ ọmọ mi?” Wọ́n ní, “N kò mọ̀ ọ́n rí.” Oyún náà kò dúró. Orúkọ tó gbẹ̀yìn oyún náà ni “òpùrọ́”, òun ni wọ́n sì fi ń pe Sìdíkátù, títí ó fi di Alhája.

“Ó ti dárí jì mí,” ni Alàgbà wí, “ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Gbangba ni mo ti kọ̀ ọ́. Gbangba náà ni mo gbọ́dọ̀ ti jẹ́wọ́. Mo ti ṣèlérí fún un pé fíìmù yìí ni yóò sọ ọ́.”

Mo ya gbogbo rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ìjọ wò ó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni, ẹni mímọ́ la ní kó o yà. Orin tí àwọn ọmọ wa fi ń gbàdúrà, ṣé orin àlè la fẹ́ sọ ọ́ dà? Yọ ọ́, àbí kó o gbé fíìmù ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Mo gé ìtàn Sìdíkátù kúrò. Ó ku ọ̀rọ̀ orin tí ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán. Ìka kan péré ni mo fi tẹ̀ ẹ́, dò fò lọ. Mo sọ fún ara mi pé ṣebí àmì lásán ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta kí a tó fi fíìmù han gbogbo ìjọ, mo gbé e lọ fún Alàgbà. Wọ́n wò ó parí. Wọn kò pariwo.

“Ọmọ mi, dò mi dà?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.”

“Sìdíkátù yóò mọ̀. Mo ti pè é, yóò jókòó níwájú. Ṣé kí n tún kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni?”

“Ìjọ ò ní gbà á, Bàbá. Iṣẹ́ mi ni yóò bàjẹ́.”

“Ó dáa. Fi han wọn bó ṣe wà. Bó bá parí, èmi náà lẹ́nu. Màá dìde, màá sọ ọ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ jẹun.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo ní kí á lọ ya àwòrán ìkẹyìn ní oko wọn l'Álábàtà. Mo mọ̀ pé kànga àtijọ́ kan wà níbẹ̀, omi rẹ̀ ti gbẹ. Mo há màíkì kékeré mọ́ wọn láyà bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní, “Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, oòrùn ń pa yín lójú.” Wọ́n sún. Mo tì wọ́n.

Wọn kò kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n pè mí láti ìsàlẹ̀: “Ọmọ mi, mo ti já sí kànga o! Rọra o, kí ìwọ náà má baà já wọ̀ ọ́.” Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló yẹ̀ wọ́n. Okùn wà nínú ọkọ̀ mi. Mo gbé páànù kan tó wà nítòsí, mo fi bo ẹnu kànga, mo sì lọ.

Kámẹ́rà tí mo gbé há èjìká ni màíkì ń fi ohùn ránṣẹ́ sí. N kò rántí pa á. Nígbà tí wọ́n wá Alàgbà tì, àwọn ọlọ́pàá gba kámẹ́rà náà lọ́wọ́ mi, àwọn ló sì gbọ́ ọ ṣáájú. Ní kóòtù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. Alhája Sìdíkátù jókòó níwájú, ó fi ìborùn funfun bo orí. Lẹ́yìn tí páànù ti dún, a gbọ́ ohùn Alàgbà. Wọn kò fi orin sí i. Sísọ ni wọ́n sọ ọ́, ohùn ọ̀rọ̀ bọ́ sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́: “Mo kọ̀ ọ́ ní gbangba, Olúwa mi. Sìdíkátù ni. Kò purọ́.” Àwọn àgbà Ìjẹmọ̀ gbọ́. Ìgbìmọ̀ ìjọ gbọ́. Alhája tẹ orí ba, ó ní, “Alihamudulilahi.” Kò wo ojú mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya àwòrán, tí ẹ ń gé e, tí ẹ ń lẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yọ díẹ̀ nínú òótọ́ kí iṣẹ́ yín lè níyì, ẹ gbé iṣẹ́ náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì kì í pa èèyàn. Ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ni mo dí lẹ́nu; ẹ wò ó, èmi ni mo ń jẹ́wọ́ yìí.

Mo fi àmì sí gbogbo ìwé yìí bí Alàgbà ì bá ṣe fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú àwọn tí kò gba àmì, òun sì ni iṣẹ́ ọwọ́ mi: pa. Re ni. Mo wò ó títí, n kò rí ohun tí mo lè yọ lórí rẹ̀.