Ibi Tó Máa Dúró Sí ní Sátidé

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí ìlú Irving lókè òkun, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì jókòó síwájú mi.

"Mọ́mì, ẹrú ni wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fẹ́ tọrọ àforíjì ní Sátidé, wọ́n ní kí n wá dúró fún àwọn ọmọ ẹrú."

"Ta ló ní ọmọ ẹrú ni ẹ́?"

"Àwọ̀ mi ni wọ́n wò."

"Jagunjagun tó ń kó ẹrú tà ni bàbá ńlá dádì ẹ. Ó wà nínú oríkì tí mo fi ń jí ẹ."

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọrọ àforíjì ni màá dúró sí, nígbà náà."

"Tó o bá débẹ̀, má dárúkọ ilé wa."

"Mọ́mì, orúkọ ilé wa ni mò ń jẹ́."