Ọwọ́ Òsì Mojísọ́lá

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ ohun tí mo bá sọ fún un, tí mo lè sáré bá bọ́ọ̀sì ní Spandau ní Berlin níbí kí n sì bá a… ẹ má rẹ́rìn-ín, mo máa ń bá a. Tọ́lá, jókòó dáadáa. Ìtàn màmá ẹ ni mo fẹ́ sọ. Dámi, ìwọ náà sún mọ́bí, àǹtí ẹ ni.

Ẹ gbọ́. Ìgbà yẹn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí Mark ni, a bẹ̀rẹ̀ sí í ná Euro. Fóònù tí wọ́n ń fi ìka ra lójú ò tíì dé. Tó o bá fẹ́ mọ ibi tí ọmọ ẹ wà, àfi kó o lọ dúró lójú wíńdò.

Mojísọ́lá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde níléèwé. Èmi ti yan iṣẹ́ fún un tipẹ́. Apòògùn ni yóò jẹ́. Apòògùn tó wọ kóòtù funfun, tó dúró sẹ́yìn káńtà ní Altstadt, àárín ìlú àtijọ́, kí n máa kọjá níwájú ẹ̀ ní gbogbo Sátidé, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì máa rí mi. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe torí aláìsàn kankan.

Ni iléèwé wọn bá kó wọn lọ sí Hamburg. Wọ́n mú wọn wọnú ọkọ̀ òkun àtijọ́ kan tó gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wo ibi tí ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀. Àwọn yòókù jáde kíá torí òórùn epo. Tèmi ni wọ́n ń wá kiri. Nígbà tó délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, "Papa, ich will da unten arbeiten." Pé ìsàlẹ̀ yẹn lòun ti fẹ́ ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Ìsàlẹ̀ ibo?"

Ó ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òkun, nídìí ẹ́ńjìnnì.

Mo ní, "Mojísọ́lá, láti Ìjẹ̀bú tí mo ti wá, gbogbo wàhálà tí mo ṣe, kí ọmọ mi lè wà lókè ni."

Ìyá àgbà yín dáhùn láti kíṣìnnì. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í gbé ohùn sókè. "Dádì Mojí, ta ló tún Waschmaschine ṣe?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Waschmaschine wa, ẹ̀rọ tó ń fọṣọ, ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ọmọ yìí tó nà sílẹ̀ bálùwẹ̀, apá ẹ̀ kan wọnú ẹ̀rọ dé èjìká. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ mi kan yọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ṣé mo dúpẹ́? Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ọwọ́ wo lo fi fà á?"

Torí òsì ni. Òsì ni Ọlọ́run fún un láti kékeré. Àmọ́ bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nílé ni pé, "Ọmọ tó bá fi òsì gbé omi fún mi, òun fúnra ẹ̀ ni yóò mu ún." Wọ́n sì ń ṣe é lóòótọ́ o. Wọ́n á jókòó, ètè wọn á gbẹ, wọn ò ní gbà á. Èmi wá kó òfin yẹn wọ bàálù, mo gbé e dé Berlin. Mo fi ìborùn ìyá àgbà yín so ọwọ́ òsì Mojí mọ́ àga, kó lè máa fi ọ̀tún jẹun. Àwọn obìnrin Kita, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé, ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Mo fi ọ̀tún bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, mo padà sílé, mo tún un so. Ó dùn mí nísinsìnyí. Nígbà yẹn, kò dùn mí rárá.

Bó ṣe di pé níwájú àgbàlagbà, ọ̀tún. Tó bá ku òun nìkan, òsì.

Ṣá, ó borí mi. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òkun kan ní Hamburg, ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá àgbà yín ní Jenfeld níbẹ̀. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, Probezeit ni, wọ́n ṣì ń wò ẹ́ ni. Tó ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní kó o máa lọ. Mo wá ń gbàdúrà… ẹ má sọ fún un o… mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n lé e. Fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ apòògùn ti wà nínú àpò mi.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dán wọn wò kẹ́yìn, wọ́n ní kí àwọn òbí wá wòran. Mo wọ súùtù, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ICE ní Spandau láàárọ̀. Gbọ̀ngàn kan rèé, ó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, ẹ́ńjìnnì kan dúró láàárín ẹ̀ bí ilé alájà méjì, àkàbà irin lára ẹ̀. Olùkọ́ wọn, bàbá arúgbó kan, irùngbọ̀n funfun, Meister ni gbogbo wọn ń pè é. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Ọmọ yín yìí, tí mi ò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tó o. Mo ti yọjú wò ó. Àmọ́ tí mo bá ti dúró tì í báyìí, àfi bíi pé ó yá ọwọ́ náà ni. Tó bá wà lórí àkàbà, tí mo ní kó fún mi nírinṣẹ́, á kọ́kọ́ jáwọ́ lára irin kó lè pààrọ̀ ọwọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ máa ń mì lójú òkun, ẹni tó bá jáwọ́ á jábọ́. Tó bá tún ṣe é lónìí, mi ò lè gbà á. Kí ló ń ṣe é?"

Kí ló ń ṣe é? Èmi ni mo ń ṣe é. Irùngbọ̀n bàbá yẹn jọ tèmi, ọmọ mi ò sì lè nawọ́ òsì sí irùngbọ̀n. Ẹ gbọ́ o, ohun tí mo ń gbàdúrà fún gan-an ló fẹ́ gbà yẹn. Kí n ṣáà dákẹ́. Tí mo bá dákẹ́, apòògùn ti délé.

Wọ́n pe orúkọ ẹ̀. Ó gun àkàbà lọ. Ọ̀tún di irin mú, sípánà wà ní òsì. Meister dúró nísàlẹ̀, ó nawọ́ sókè, ó ní kó fún òun ní sípánà. Mojí wo sípánà. Ó wo irùngbọ̀n. Ó wá wò mí. Mo rí ìka ẹ̀ tó ń tú kúrò lára irin, ọ̀kan… èkejì…

Ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo pariwo ní Yorùbá láàárín gbogbo òyìnbó yẹn: "Mojísọ́lá, òsì ni. Fi òsì fún bàbá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Meister yíjú sí mi, ó ní kí ni mo wí. Mo ní, "Links, Herr Meister. Òsì ni. Mo ti fún un láyè."

Ó ní, "Ṣé kò láyè tẹ́lẹ̀ ni?"

Mojí ti ń rẹ́rìn-ín lókè, àmọ́ ọ̀tún ẹ̀ dì mọ́ irin pinpin. Ó fi òsì na sípánà sí i. Òrùlé ò wó. Mo wòkè lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kó yọ nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn páìpù, ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ò lè dé. Àwọn géńdé méjì ti làágùn nídìí ẹ̀ kó tó kàn án. Ó ti òsì bọ̀ ọ́ dé èjìká, bó ṣe ṣe Waschmaschine, ó dijú… nọ́ọ̀tì jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, ó na nọ́ọ̀tì náà sí mi. Ọwọ́ òsì, dúdú fún epo. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, epo yí mi lára. Nígbà tí mo wá nǹkan tí mo lè fi nuwọ́, fọ́ọ̀mù apòògùn ni mo bá nínú àpò. Ó nu ọwọ́ dáadáa.

Meister ní kí n máa mú nọ́ọ̀tì náà lọ, àwọn ní òmíràn. Òun ló wà lára kọ́kọ́rọ́ mi yìí. Mojí sì rèé lójú òkun lónìí, ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ojú ẹ̀ hàn mí nínú fóònù láti ibi tí mi ò lè pè lórúkọ. Nígbà tiwa, bàbá ló ń fẹ́, ọmọ á máa ṣe é. Ẹ̀yin, ẹ óò ní "Opa, ich möchte," pé bàbá àgbà, mo fẹ́ ẹ, ó parí. Ayé ti yí… mo sì fẹ́ràn bó ṣe yí, ẹ má sọ fún Pásítọ̀.

Ẹ máa kí àgbà o. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn ò ní dùn yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà lórí àkàbà, ẹ di irin mú.

Ọ̀fun mi ti gbẹ. Tọ́lá, bá mi bu omi wá… Ehn, kí ló dé tó o dúró síbẹ̀, tó ò ń wo ọwọ́ ẹ? Rárá, má pààrọ̀ ẹ̀. Gbé e wá bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yín.