Ohun Tí Mo Kọ Sára Fíríìjì ní Ọjọ́ Sátidé

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbàdúrà fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń gbà á láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dá a dúró ná, kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ẹ ń bá bẹ Ọlọ́run. Dókítà ti ní kí n má wulẹ̀ ra kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀rín ló pa mí nígbà tó sọ ọ́, nítorí ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń retí ẹni tí yóò wá sọ fún mi pé àkókò ti tó. Mo ti bẹ Pásítọ̀ pé kó ka ìwé yìí sétí gbogbo yín, kó má fo ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, bí ojú tilẹ̀ ń tì í. Ìyá Aránṣọ, mo mọ ibi tí ẹ jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kẹta, ọmọbìnrin yín lápá ọ̀tún, ọ̀pá méjèèjì tó fi ń rìn lábẹ́ àga. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dìde jáde títí yóò fi kà á tán. Ẹ̀yin gan-an ni mo kọ ọ́ sí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí Nọ́ọ̀sì Olórin. Ilé ìwòsàn kékeré ni mo ti ṣiṣẹ́, yàrá àjẹsára ni wọ́n sì fi mí sí. Fíríìjì funfun kan wà níbẹ̀ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé àfi téèyàn bá fi orúnkún tì í. Inú rẹ̀ ni oògùn àwọn ọmọdé ń gbé, títí kan èyí tí a máa ń kán sí wọn lẹ́nu nítorí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Oògùn yẹn kò fẹ́ ooru rárá. Bí ooru bá mú un pẹ́, ó kú nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè fojú mọ̀ ọ́, torí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Ìdí nìyẹn tí a fi lẹ ìwé kan mọ́ ìlẹ̀kùn fíríìjì náà. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ bí inú rẹ̀ ṣe tutù tó sí i láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Bí iná bá lọ, òun náà ni yóò tan jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ló já lé mi léjìká. Mo lọ bá ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi bí wọ́n bá ń yà á ní fọ́tò. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ gbé Sọ́ńdè fún ẹlòmíì.” Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé iná máa ń wo kàlẹ́ńdà kó tó lọ ni? Ìsìn ìrọ̀lẹ́ ṣáà wà. Lọ sí yẹn.” Mo jáde, mò ń kùn pé wọ́n ń ṣe inúnibíni sí mi nítorí ìgbàgbọ́ mi. Irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò dí mi lọ́wọ́ àtisin Ọlọ́run. Ìsìn ìrọ̀lẹ́ kò ní èrò tí yóò gbọ́ ohùn mi ni.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ máa lọ sílé ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń kọ ti ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ de ọjọ́ Ìsinmi: ti àárọ̀, ti ìrọ̀lẹ́. Bírò ọ̀tọ̀ ni mo fi ń kọ ti ìrọ̀lẹ́ kó má baà jọra. Mo sọ fún Bàbá Ẹnu Ọ̀nà tó ń ṣọ́ géètì pé, “Bàbá, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, ẹ ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ilé Ọlọ́run lẹ ṣáà ń lọ. Ta ló máa bínú sí yín?” Oṣù bíi mélòó kan kọjá, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo tilẹ̀ jẹ́rìí nínú ìjọ yìí pé Ọlọ́run ti la ọ̀nà fún mi níbi iṣẹ́, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi aláìnítìjú, mo tẹrí ba, mo gba àtẹ́wọ́ náà.

Ó wá di Mọ́ńdè kan. Orin àná ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí Bàbá Ẹnu Ọ̀nà pàdé mi ní géètì. Kò kí mi. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, iná ti lọ láti òru Sátidé o. Ìdájí òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo rò pé ẹ máa yà wá tan jẹnẹrétọ̀ ni lánàá.” Mo sáré wọlé. Mo ṣí fíríìjì: yìnyín ti di omi, páálí oògùn ti rin gbindingbindin, ìwé tó wà lára ìlẹ̀kùn sì ń sọ, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, pé gbogbo nǹkan tutù dáadáa lánàá. Ní gbọ̀ngàn, ìyá mọ́kàndínlógún ti tò sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ọmọ wọn. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Kí n da oògùn nù, kí n ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n sì lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá pé n kò sí níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mi ò lè ṣe. Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi, ìjọ á sì gbọ́ pé òpùrọ́ ló ń darí orin wọn. Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Mo ti ìlẹ̀kùn, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé páálí náà, mo ní, “Olúwa, ìwọ tó ń jí òkú dìde, jí oògùn yìí.” Mo ṣe àmín. Mo gbé e jáde, mo sì ń kán an sí àwọn ọmọ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ìyá wọn. Ẹni tó jókòó kẹ́yìn lórí bẹ́ńṣì ni Ìyá Aránṣọ, ọmọ olóṣù márùn-ún lórí itan rẹ̀, fọ́nrán òwú lára aṣọ rẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́jọ tó fi gbé ọmọ náà padà wá. Ibà ló kọ́kọ́ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Dókítà dárúkọ àrùn náà. Ó béèrè ìwé ara fíríìjì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe fíríìjì. Ìyá ọmọ wá bá mi nínú yàrá àjẹsára. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ dá fún mi ni mo wá, mi ò pa ọ̀kan jẹ. Kí ló wá dé?” Ẹ̀yin ará, mo lè dákẹ́. Ìbá sàn kí n dákẹ́. Mo ní, “Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, ṣé o ò fún un lọ́yàn lójú ẹsẹ̀ tó gba oògùn tán?” Ó ní, “Mo fún un. Ó ń sunkún ni.” Mo ní, “Áà. Ó ti pọ̀ ọ́ jáde nìyẹn. Ó yẹ kó o gbé e padà wá gba òmíì.” Ó ní, “Ṣé ó pọ̀ ọ́ ni? Mi ò rí i o.” Mo ní, “O ò lè rí i. Ó máa ń bá itọ́ jáde.” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀. “Èmi ni! Èmi ni mo ba ayé ọmọ mi jẹ́!” Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ní, “Ọlọ́run á dárí jì ẹ́.” Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, èmi náà.

Bóyá oògùn tèmi ni, bóyá òun kọ́. Mo ti fi “bóyá” yẹn sùn, mo fi jí, kò gbà mí. Torí pé mo tù ú nínú ló ṣe darapọ̀ mọ́ ìjọ yìí. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ra èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, kí ọmọ náà lè kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀. Òun ló rán aṣọ orin mi, kò sì gbà kí n san nǹkan kan. Ẹ rántí ọjọ́ tí ọmọ náà ṣe ìrìbọmi, tí ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ lójú gbogbo wa, tó ní, “Dárí jì mí, ìkánjú mi ló sọ ẹ́ dà báyìí.” Gbogbo yín ń sunkún. Èmi ni mo dá orin tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bo iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe. Ká ní mo jókòó ti fíríìjì yẹn lọ́jọ́ náà, ìsìn ni mo ń ṣe. N kò bẹ ìjọ pé kó dárí jì mí kí ẹni tí mo ṣẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Ìyá Aránṣọ, mo máa ń pè yín ní “ìwọ” nígbà yẹn. Lónìí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níwájú yín, bí ara mi kò tiẹ̀ lè kúnlẹ̀ mọ́. Bí ẹ kò bá lè dárí jì mí, ẹ má fi tipátipá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi, kí ẹ sì yíjú sí ọmọ yín bí Pásítọ̀ bá ti ń kà á. Kò pọ nǹkan kan jáde lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró tì yín, mò ń wò ó. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó fi ahọ́n lá ètè, ó sì tún yanu sí mi pé kí n kán sí i.