Ọmọ tó lọ sáré ní Kútọnu

Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà níwájú mi lórí ìlà ní bọ́dà Seme lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ọmọ náà ti sá eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin láàárọ̀ ní Kútọnu.

Ìyá ní, "Àwọn èèyàn ń dé, mi ò rí ọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́."

"Ẹ má bínú, màámi. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ló ń dùn mí, ni mo bá rìn díẹ̀."

"Ta ló ń bínú? Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn, èmi ni mò ń dì ọ́ mú lọ sí balùwẹ̀. Nígbà tí mo rí ọ tí ò ń bọ̀ lónìí, mi ò tiẹ̀ wò ó bóyá ò ń sáré tàbí ò ń rìn."

"Kí lẹ wá ń wò?"

"Pé kò sẹ́ni tó dì ọ́ mú."